Fọ́tò Tí Kò Nílà

Ọjọ́ Ajé ni bàbá mi máa ń lọ kí ọlọ́pàá. Ẹlòmíràn á ní ó ń lọ béèrè káàdì ìgbélùú mi ni, torí ohun tó gbé e débẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà níwájú àgọ́ ọlọ́pàá ní Bouaké, ẹ ó rí i pé ìkíni ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń bá wọn sọ. Á kí wọn ní èdè Jùlá, á béèrè ìyàwó, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè bí oorun ṣe rí. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní í mẹ́nu ba káàdì rárá. Á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀, á ní ó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, á sì gba ọ̀nà ọjà lọ.

Inú á wá máa bí mi. Onínúfùfù ni mí láti kékeré, n kò sì tíì fi í sílẹ̀ tán títí dòní. "Bàbá, ẹ ò wá béèrè kátì ni?" Kátì ni gbogbo wa ń pe káàdì náà. Á ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Mo máa ń dá a lóhùn nínú ọkàn mi pé àáké tiwa yìí kò tíì kan àpáta, ó ṣì ń kí i lọ́wọ́ ni.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Nimbo, àdúgbò kan ní Bouaké, ni wọ́n bí mi sí, níbẹ̀ náà ni mo ti rìn, tí mo ti sọ̀rọ̀, tí mo ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo ń sọ Baúlé, èdè àwọn onílẹ̀ Bouaké, bí ẹni tó ni ín. Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu ni mo fi mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ń ta ìṣó, àgádágodo àti ìdè ilẹ̀kùn ní àdúgbò ọjà tí wọ́n ń pè ní Commerce, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìwé títẹ̀ ni. Ìyá kan tó jẹ́ Baúlé, tí a ń pè ní Madame, ní ilé oògùn kan ní àdúgbò Kennedy. Ó dán mi wò, ó wo bí ìka mi ṣe ń sáré lórí ẹ̀rọ, ó ní èmi lòun fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí òun bá gba àjèjì tí kò ní káàdì ìgbélùú sí iṣẹ́, wọ́n lè ti ilé oògùn náà pa. "Lọ gbà á wá," ló wí. "Mo fi àyè náà dè ọ́."

Iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí he lọ́dún náà. Wọ́n ti gé owó séfà sí méjì, gbogbo nǹkan sì ti gbówó lórí. Bàbá mi lè jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láì ta àgádágodo kan. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń ra àgádágodo nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ tì mọ́lé. Bí mo bá wọ iṣẹ́ yẹn, èmi ni mà á máa gbé oúnjẹ ilé wa. Gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ síta.

Àsìkò náà ni ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rédíò, ivoirité. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣàlàyé rẹ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí lọ́jà kò gba àlàyé: ta ni onílé, ta ni àlejò? Àwọn obìnrin tó ti ń yá iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi láti ìgbà tí n kò tíì dáyé bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé "ẹ̀yin Anago." Wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá ní Anago tẹ́lẹ̀, kò sì dùn wá rí. Ohùn tí wọ́n fi ń pè é ló yí padà.

Ó ku ọ̀la tí mo máa lọ ya fọ́tò káàdì ni sọ́jà kan dá èmi àti ọ̀rẹ́ mi dúró nítòsí ibùdókọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la ti jọ kọ́ ìwé títẹ̀, irú aṣọ kan náà la wọ̀. Kò bi ọ̀rẹ́ mi ní nǹkan kan. Èmi ló ní kí n mú ìwé wá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú mi.

Mo nílà. Àbàjà mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta wà ní tòsì. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjì ni olóòlà kan ti ilé dé, ó sì kọ ilà fún ọmọ mẹ́rin nínú agboolé wa kó tó kọjá lọ. Ìyá mi ní omi ìgbín ni wọ́n ń kán sí i títí ó fi san. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí sí Bouaké ò ní irú rẹ̀, torí ayé ti ń kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá mi kò gbà. Kí ilé lè mọ̀ wá, ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò lọ́jọ́ kejì, inú ṣì ń bí mi. Ọmọ ilé wa ni ọkùnrin náà, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ní pẹ́ńsùlù kan tó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tó fi ń tún ojú ènìyàn ṣe lára fíìmù kó tó tẹ fọ́tò náà jáde. Bó ṣe ń pa irorẹ́ rẹ́ ló ń pa àpá rẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi yọ ilà yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Fọ́tò tí o fẹ́ fi wá ọkọ ni, àbí ti ìwé?"

"Ti ìwé ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ti ìjọba kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré o."

"Ẹ ṣáà bá mi yọ ọ́, bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó yọ ọ́. Nígbà tí mo gba fọ́tò mẹ́rin náà, mo rí ọmọbìnrin kan tó lè gba iwájú sọ́jà kọjá láìjẹ́ pé wọ́n dá a dúró. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní í purọ́. Mo kó fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpòòwé, mo lẹ ẹnu rẹ̀ pa, n kò fi han bàbá mi.

Lọ́jọ́ tí a máa kó ìwé sílẹ̀, akọ̀wé kan tó ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nítòsí àgọ́ ọlọ́pàá ló bá wa kọ fọ́ọ̀mù. Èrò pọ̀, oòrùn ń jó mi lórí, mo ní kí bàbá mi máa dá a lóhùn kí n lọ di àyè mú lórí ìlà. Nígbà tí mo padà, akọ̀wé náà na ìka síbi tí mo máa fọwọ́ sí, mo sì fọwọ́ sí i. Èmi tí mo ń ka lẹ́tà fún gbogbo agboolé, mo fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà.

Wọ́n ní wọ́n á fi ìwé mi ránṣẹ́ sí Àbíján níbi tí wọ́n ti ń ṣe káàdì, wọ́n sì fún mi ní résépisé, ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́rìí pé wọ́n ti gba ìwé ẹni. Oṣù mẹ́ta ló máa ń lò, lẹ́yìn náà wọ́n á tún lù ú ní òǹtẹ̀. Mo fi ọ̀rá wé e, mo ń gbé e káàkiri. Madame ò lè fi ìyẹn gbà mí sí iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Oṣù mẹ́fà pé, wọ́n tún lù ú. Kí ìka mi má baà gbàgbé iṣẹ́, mo ya gbogbo lẹ́tà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sára páálí, mo ń gbé e lé itan láràárọ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi á ní kí ni mo ń kọ, mà á ní lẹ́tà sí ìjọba ni.

Gbogbo ìparí oṣù ni mo ń lọ kí Madame ní Kennedy, kó má baà rò pé mo ti gbàgbé. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń fún mi ní àga àti omi. Nígbà tó yá, ìdúró la fi ń kí ara wa. Nígbà tí résépisé mi pé oṣù mẹ́jọ, ó fà mí sẹ́yìn káńtà, ó bá mi sọ̀rọ̀ ní Baúlé. "Ọmọ mi, mo ti gbìyànjú. Bí oṣù tó ń bọ̀ bá parí tí kò tíì jáde, ọmọ àbúrò mi ni mà á fi síbẹ̀."

Mo délé, mo bú gbogbo ayé. Mo bú ọlọ́pàá, mo bú Àbíján tí wọ́n kó ìwé wa lọ, mo wá kọjú sí bàbá mi. Mo ní gbogbo ìkíni rẹ̀ yẹn, kí ló ti mú wá? N kò gbé ohùn sókè sí i rí láyé mi. Ó ní, "Ọjọ́ Ajé la ó jọ lọ."

Ọlọ́pàá tó ń tọ́jú fáìlì kò sí lẹ́nu iṣẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Ajé náà a bá a níbẹ̀, ó fá orí, ojú rẹ̀ sì ti wọnú. Àwọn tó wà níwájú wa ń na résépisé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dá wọn padà. Nígbà tó kàn wá, bàbá mi bi í pé kí ló dé, ọkùnrin náà ní ìyá òun kú. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi í bí ìyá náà ṣe dàgbà tó, ó bi í bí wọ́n ṣe sin ín, ó ṣe àdúrà fún un. Èrò ń kùn lẹ́yìn wa. Mo fa aṣọ bàbá mi, ó gbá ọwọ́ mi kúrò.

Ọlọ́pàá náà fi ọwọ́ nu ojú. "Papa," ló wí, "láti ìgbà tí mo ti dé láàárọ̀ yìí, ìwé ni gbogbo ènìyàn ń bi mí." Ó dìde láìjẹ́ pé a sọ ohun tí a bá wá, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, fáìlì mi ló mú lọ́wọ́, ó sì ń fẹ́ eruku ara rẹ̀.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí fáìlì náà ti padà dé láti Àbíján. Ó wà nínú òkìtì, ẹnikẹ́ni ò pè wá. Ọlọ́pàá náà ṣí i, ó ka ohun tí a kọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè àmì ara: ilà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá mi dáhùn, inú rẹ̀ dùn. "Èmi ni mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́."

Ọlọ́pàá náà wá yí fọ́tò sí i. "Ta wá ni ẹni yìí, Papa?"

Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Bàbá tèmi yìí kì í sọ fún oníbàárà pé àgádágodo le bí kò bá le. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ̀rọ onífọ́tò ló bàjẹ́."

"Ẹ̀rọ tó rí yẹtí tí kò rí ilà," ni ọlọ́pàá náà wí, ṣùgbọ́n kò fi rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. "Lọ ya òmíràn. Ojú ara rẹ ni kí o mú wá."

A rìn dé Commerce. Ó wà níwájú, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ṣí ìsọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àgádágodo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ì bá dára kó bú mi. Ìtìjú mú mi débi pé n kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

Ó mú àgádágodo mìíràn, ó ń nù ún. "Lọ́jọ́ tí olóòlà kọ ọ́, èmi ni mo dì ọ́ mú. O ké títí o fi sùn. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá kú sí àjò, tí o bá délé, wọn ò ní bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Mi ò rò ó pé ibi tí a bí ọ sí gan-an ni wọ́n ti máa bi ọ́." Ó gbé àgádágodo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ ni kí o má bínú sí mi."

N kò gbọ́ ọ rí kí bàbá mi bẹ ọmọ rẹ̀. Mo sunkún láàárín ìṣó àti ìdè ilẹ̀kùn lójú gbogbo ọjà.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti ìsọ̀ pa, ó tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Ọkùnrin náà ò lè wo ojú rẹ̀. Bàbá mi kò bá a jà, ó kàn ní kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Fáìlì náà tún padà sí Àbíján, oṣù tí Madame dá fún mi parí, ọmọ àbúrò rẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀yìn káńtà. Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ènìyàn pé ìjọba ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ìjọba ní ẹ̀bi tirẹ̀, kò kéré. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò mi bá jẹ́ òótọ́ ni, káàdì ni ì bá ti Àbíján dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, kì í ṣe fáìlì. Ọwọ́ ara mi wà níbẹ̀.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni káàdì náà jáde. Ọjọ́ Ajé ni. Kí n tó na ọwọ́, bàbá mi ti gbà á. Kò wo ọjọ́ tó máa parí, kò wo òǹtẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò ra fọ́tò náà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ra tòsì. "Mẹ́ta, mẹ́ta," ló wí. "Ọmọ mi rèé." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó kọjú sí ọlọ́pàá náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo dúró títí ó fi kí i tán.