Abẹ́rẹ́ Inú Ọpọlọ

Abẹ́rẹ́ tí a fi ń fún eku lóògùn nínú ọpọlọ kò jọ èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Gíláàsì tín-ín-rín ni, irin inú rẹ̀ kò nípọn ju irun ẹṣin lọ, gbogbo oògùn tó sì lè gbà kò tó ẹ̀kán omijé kan. Bí irin náà bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti di ìsọnù. Ọ̀gá mi máa ń tẹ́ wọn sínú àpótí onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń tọ́jú adé.

Adó-Èkìtì la wà, ní nǹkan bí ọdún méjì kí àwọn sójà tó kọ́kọ́ gbé ìjọba sílẹ̀. Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, níbi tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé lórí wárápá eku. Ó kọ “Dókítà” gàdàgbà sára ilẹ̀kùn làbù. Kò ṣẹ́ ku àyè tó máa kọ eku sí. Èmi náà ti jáde ní yunifásítì, mo sì ń fi oyè mi kó ìgbẹ́ eku.

Obìnrin kan gbọ́ ní Ìgèdè pé dókítà kan wà l'Ádó tó ń fi abẹ́rẹ́ wo wárápá látinú ọpọlọ. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ tó ní wárápá wá. Ó ní òun ti dá oògùn oníhóró tí ọsibítù fún un dúró, kó má baà bá abẹ́rẹ́ wa jà. Bẹ́ẹ̀, hóró funfun wọ̀nyẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ náà máa ṣubú lójoojúmọ́.

“Màmá,” mo sọ fún un, “dókítà eku ni o.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé eku ò lórí ni? Ẹni tó mọ ọ̀nà inú orí bíńtín yẹn, ṣé orí ọmọ mi ló máa wá sọnù sí?”

Mo pe ọ̀gá mi kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó tún kóòtù funfun rẹ̀ ṣe. “Ẹ ní sùúrù, Màmá. A ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.” Kò purọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́, ọ̀gá mi kò sì sọ fún un pé kó dìde. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni ìyá àtọmọ ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Ìgbà tó yá, àwọn àlejò ìjọba fẹ́ wá láti Àkúrẹ́, láti wò ó bóyá kí wọ́n ti làbù náà pa. Dókítà ní kí obìnrin náà dúró lójú fèrèsé, kí wọ́n lè rí i pé aráàlú nílò òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, oògùn ti mú eku sùn, férémù irin di orí rẹ̀ mú, a ti lu ihò bíńtín sí agbárí rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ti wọlé. Sùkúrù kékeré kan ni wọ́n ń yí láti ti irin inú abẹ́rẹ́ náà, ó sì gbọ́dọ̀ rọra débi pé ojú kò ní rí i. Bí a bá kánjú, omi oògùn á fọ́ ọpọlọ tó fẹ́ wò.

Alága àwọn àlejò ń fi fìlà fẹ́ra. “Dókítà, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ti ń wọlé, sà.”

“Èmi ò rí nǹkan kan o.”

“Bóyá ó ti há,” ẹnì kejì sọ. “Ní ọsibítù tiwa, fíìn báyìí, ó ti parí!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójú àwọn èèyàn wa, abẹ́rẹ́ tí a ò rí i kó wọlé kì í ṣe abẹ́rẹ́. Dókítà náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì yí sùkúrù náà wìrìwìrì. Irin sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀n-ẹ́n!” Alága pàtẹ́wọ́.

Eku ta ẹsẹ̀ pàpà, ó dákẹ́.

“Ó ti wọra,” Dókítà sọ fún wọn. Wọ́n yìn ín, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n lọ.

“Ó ti kú,” obìnrin náà sọ lójú fèrèsé. Kò pariwo. “Àwọn ni wọ́n kó ìkánjú bá yín. Ní ti ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ dáadáa. Bó tilẹ̀ di alẹ́, a ò níí tí ì lọ ulé.”

Dókítà fa abẹ́rẹ́ náà yọ. Irin rẹ̀ ti tẹ̀. “Màmá, èmi kì í ṣe dókítà èèyàn.”

“Kí ló dé tí ẹ wá ń jẹ́ dókítà?”

“Ìwé ni mo kà.”

“Ìwé kí ni?”

“Ìwé eku.”

Obìnrin náà wò mí. Mi ò lè wò ó padà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí oògùn oníhóró yẹn,” Dókítà sọ. “Lónìí, Màmá.”

“Mo ti dà á sí ṣáláńgá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n ní sùúrù.” Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ.

Àwọn àlejò kò ti làbù pa. Kò pẹ́ tí awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìgèdè fi sọ fún wa pé oògùn oníhóró ti tán ní ọsibítù nígbà tí obìnrin náà débẹ̀, wọ́n ní kó máa padà bọ̀. Kó tó padà lọ, wárápá gbé ọmọ náà sínú iná ìdáná. Kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan jóná.

Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀. “Ọwọ́ wo?”

Awakọ̀ náà ní òun ò bèèrè.