Ọ̀wẹ̀ Tí Ṣùkúrù Jẹ Àna Rẹ̀

Alùpùpù tuntun kan nínú páálí ni Alájì Ládòkun jẹ Wòrú, òṣìṣẹ́ oko rẹ̀. Ní oṣù kìíní, nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n ń tà á ní Ṣakí. Kí ọdún tó parí, ó ti di mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Wòrú ní alùpùpù lòun àti Alájì jọ sọ. Alájì ní owó oṣù kìíní lòun mọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ní owó kékeré nìyẹn, kó mú u wá.

Bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ ní Ogbooro nìyẹn. Ọmọkùnrin á ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò wá, á fi odidi ọdún kọ ebè, á roko, á wa iṣu, á máa sùn ní ahéré. Oúnjẹ nìkan ni olóko á máa fún un. Bí ọdún bá pé, olóko á ra alùpùpù fún un, á gùn ún lọ sílé. Ètò tó dára ni, pàápàá fún olóko. Ta ni kò ní fẹ́ràn òṣìṣẹ́ tó ń yáni lówó oṣù méjìlá láìgba èlé?

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ Wòrú rù ni Ṣùkúrù, tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àlejò, òun ni akọ̀wé, òun náà ni akápò, nítorí pé kò sẹ́ni tó bá a du ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Abẹ́ igi máńgòrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Igba náírà lowó ẹgbẹ́ lóṣù. Iṣu ni àwọn kan fi ń san tiwọn, àdúrà ni àwọn yòókù fi ń san án.

Nígbà èwe rẹ̀, Ṣùkúrù fúnra rẹ̀ ti rékọjá ibodè lọ sí apá Pàràkú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ òwú. Lọ́jọ́ tí owó tó gbà, ọ̀gá rẹ̀ pariwo olè lé e lórí, ó sì fẹsẹ̀ rìn wálé. Ohun méjì ló mú bọ̀: èdè Ìbàrìbá, àti ẹ̀kọ́ pé ọ̀gá kì í ya wèrè àfi lọ́jọ́ tí owó bá tó san.

Wòrú kò fẹ́ alùpùpù fún fàájì. Ó fẹ́ máa fi gbé èrò lábúlé rẹ̀, kó má baà tún padà wá sùn ní ahéré ẹlòmíràn. Owó tí Alájì nà sí i kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì alùpùpù lọ. Ṣùkúrù tó ń tún un ṣe mọ̀ pé ìdajì alùpùpù kì í gbé èrò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Alájì yìí kan náà ló bí Misturat, ìyàwó Ṣùkúrù. Báwo lèèyàn ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àna, tó tún ń sin gbèsè? Ṣùkúrù rò ó tì, ó sì ṣe méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ kú Jímọ́ọ̀, Bàbá. Ọ̀rọ̀ Wòrú ni mo tún bá wá."

Alájì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó rí i pé èrò pọ̀ tó, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ wá gbọ́ o! Ọkọ Misturat ń sin gbèsè lọ́dọ̀ mi! Ọdún kọkànlá rèé tó ti fẹ́ ọmọ mi, ṣé ó ti gbé ọkọ́ dé oko mi rí? Ṣé ó ti kó èèyàn wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún mi, bí ọmọ ọkùnrin ti ń ṣe fún àna rẹ̀? Ìwọ Ṣùkúrù, san gbèsè tìrẹ ná, kóo tó wá gba tẹlòmíràn!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alájì náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rọra jèrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," Ṣùkúrù dáhùn láti ilẹ̀. "N ó wá san án lọ́la."

Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin ọ̀wẹ̀ níbẹ̀: àna á kó èèyàn wá ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá ìyàwó á sì bọ́ wọn yó, pẹ̀lú ẹran. Ohun tí òfin náà kò sọ ni iye èèyàn.

Ogójì ọmọ ẹgbẹ́ ló tẹ̀ lé Ṣùkúrù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbàrìbá láti Bẹ̀nẹ̀, Kòtòkólí láti Tógò, gbogbo wọn gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ilẹ̀ kékeré kan péré ló kù tí Alájì kò tíì kọ ebè sí. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti kọ ọ́ tán. Wọ́n wá jókòó sí ojúde Alájì, wọ́n ń retí oúnjẹ tìwàtìwà.

Ẹni tó ń fi ọkọ́ wá oúnjẹ kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ewúrẹ́ kan lọ, iṣu ń wọ́ lọ bí omi, epo, ata, gààrì fún ẹni tí iyán kò bá tó. Owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, nítorí ebè tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta ì bá fi ìdá kan nínú márùn-ún owó yẹn kọ.

Misturat, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè wá gúnyán, tọ ọkọ rẹ̀ wá pẹ̀lú òógùn lójú.

"Bàbá Mùyìbátù, ṣé apá mi lẹ fẹ́ fi gba máṣíìnì Wòrú ni?"

"Rọra máa gún un, Ìyá Mùyìbátù. Ọ̀wẹ̀ ọdún mọ́kànlá ni."

"Ewúrẹ́ tó yẹ kí n jogún lẹ sì ń pa jẹ, bàbá mi ò tíì kú!"

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, wọ́n tún dé. Alájì sáré jáde.

"Ó tó, Ṣùkúrù, ó tó! Mo ti dárí jì ọ́."

Ṣùkúrù dọ̀bálẹ̀. "Háà, Bàbá! Ọ̀wẹ̀ ọdún kan péré la ṣe lánàá. Ó ku mẹ́wàá."

Kò síṣẹ́ lóko mọ́. Wọ́n gbálẹ̀ tó mọ́, wọ́n kó gọ́tà tó gbẹ, wọ́n tú iṣu tí wọ́n tò sínú abà, wọ́n sì tún un tò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí Alájì bá lé wọn, á jẹ́ pé ó kọ ọ̀wẹ̀ tó fẹnu ara rẹ̀ bèèrè. Bí kò bá lé wọn, iná ò ní kú lábẹ́ ìkòkò. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí i: "Alájì, àna yín mà mọ̀wà hù o! Ọlọ́run á fún wa nírú ẹ̀!" "Àmín" ni Alájì ń dá wọn lóhùn. Ewúrẹ́ kejì lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ìjọ́ kẹta, Alájì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó dé. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń fi ṣe ìṣirò.

"Eélòó ni máṣíìnì yẹn ní Ṣakí lónìí?"

"Bàbá, wọ́n ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lé e láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀."

Alájì ti fóònù bọ àpò. Ọ̀rọ̀ tó bá ń náni lówó, kíkúrú ló yẹ ẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló mú Wòrú lọ sí Ṣakí, ó ra alùpùpù náà, orúkọ Wòrú ni wọ́n sì kọ sórí rìsíìtì. Ó sá fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó padà san án, ó fi àádọ́ta lé e, ó sì fi ewúrẹ́ méjì ṣe sàárà.

Wòrú gùn ún wá kí i pé ó dàbọ̀, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ tọkàntọkàn, ó sì kọjú sí ibodè. Alájì ń wo eruku rẹ̀.

"Ẹni tó bá tún máa wá bá mi ṣiṣẹ́," ó sọ fún Ṣùkúrù, "kò sí ọ̀rọ̀ máṣíìnì mọ́. Owó la ó jọ sọ."

"Kò burú, Bàbá. Ẹ ṣáà máa san án lóṣooṣù."

"Lóṣooṣù? Ṣé mo jọ ìjọba lójú ẹ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin ń san."