Ẹsẹ̀ Òsì Ọláoyè

Tí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Òkè-Odò láyé ìgbà yẹn, tí ẹ ń béèrè ilé Ọláoyè, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ bi má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní, "Oníjíà ńkọ́?" ọmọdé tó ń ṣeré lójú títì á nawọ́ sí ilé wa. Èmi àti òun la jọ háyà ilé náà: yàrá mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, yàrá mẹ́ta lọ́wọ́ òsì, ọ̀ọ̀dẹ̀ kan láàárín wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń bójú tó ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Kì í mutí, kì í lé obìnrin, kì í ta tẹ́tẹ́. Jíà nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí àwa yòókù ń wá kò ju ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé ibi iṣẹ́ tí yóò sì gbé wa padà. Ọláoyè ní tirẹ̀ fẹ́ ọkọ̀ eré, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní ọdún 1991, ó ta ilẹ̀ tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Mojísọ́lá, rà sí Baruwa. Ó gba Kùtọnu lọ, ó sì wa ọkọ̀ pupa kan dé, ilẹ̀kùn méjì péré, imú ṣóńṣó, ó sì lọlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn. Ó ní méjì ni wọ́n fi han òun níbẹ̀. Èkejì tuntun ju èyí lọ, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọtọmátíìkì ni. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

"Ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí lẹ tà, Bàbá Túnbọ̀sún, tí ẹ fi ra jíà?" Ohun tí Mojísọ́lá sọ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà dé nìyẹn. Ó sunkún, ó sì dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti sọ ọkọ̀ náà ní Àbẹ̀kẹ́, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, òun ti ní orogún. Láti ọjọ́ náà, "orogún mi" ló ń pè é, kì í sì í rẹ́rìn-ín tó bá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Èmi, Adéolú, Mazda ọtọmátíìkì ni mo ní, àríyànjiyàn lórí jíà sì ni àwa méjèèjì fi ń jẹun.

"Ìwọ ò wa ọkọ̀, Adé. Ọkọ̀ ló ń gbé ẹ kiri. Ìgbà tó bá wù ú ló ń pààrọ̀ jíà, kì í tiẹ̀ bi ẹ́."

"Kó máa bi mí kẹ̀? Ta ló ń bá mọ́tò ṣèpàdé?"

"Ọkọ̀ tí ò nílò ẹsẹ̀ òsì ẹ lónìí, tó bá dọ̀la, ò ní nílò tọ̀tún náà. Tó bá dọ̀túnla, á ní kó o dúró sílé jàre."

Mo máa ń bú u ní wèrè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan, ó fipá gbé mi jáde sí ojú ọ̀nà Ìpájà, ọ̀nà sì dá. Kò wo aago kankan níwájú rẹ̀. Etí ló fi ń wà á. Ẹ̀rọ á ké títí, á kù díẹ̀ kó pariwo, ẹsẹ̀ òsì á wọlẹ̀, ọwọ́ á fa ọ̀pá jíà, igbe náà á sì rọlẹ̀. Ojú rẹ̀ á tutù. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀ gan-an. Ó ní, "Níbi iṣẹ́, ọ̀gá ló ń pàṣẹ. Nílé, lándílọ́ọ̀dù. Ohun tó ń gbọ́ tèmi láyé yìí, kò ju ọ̀pá yìí lọ." Ó borí mi níbẹ̀, ìyẹn sì dùn mí díẹ̀.

Àléébù kan ni Àbẹ̀kẹ́ ní. Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀, èyí tí èèyàn ń fà sókè tó bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀, ti kú pátápátá, Ọláoyè kò sì tún un ṣe. "Jíà ni bíréèkì mi," ló máa ń wí. Ibi tó bá ti dúró, á fi ọkọ̀ sí jíà kìíní, á pa á, á sì sọ̀ kalẹ̀. Tó bá tún fẹ́ ṣáná sí i, á kọ́kọ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ̀rọ lè jáwọ́ lára táyà, ọkọ̀ á sì dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà ilé wa dà gẹ̀rẹ́ láti ẹnu géètì lọ sí ìdí ògiri, ìdí ògiri yẹn gan-an ló sì ń dojú imú Àbẹ̀kẹ́ kọ. Mojísọ́lá bá a jà lórí bíréèkì yìí títí ẹnu fi ń ro ó. Kò gbọ́. Ẹni tó bá bú jíà, lójú rẹ̀, òun ni onítọ̀hún bú.

Ọjọ́ Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní oṣù kọkànlá ọdún 1993 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Èmi ni wọ́n yàn láti ka ẹ̀kọ́ kìíní. Mazda mi sì wà lọ́dọ̀ Múdàṣírù, mẹkáníìkì ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní àdúgbò Command. Ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ń dún, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan. Ọláoyè ló máa gbé mi. Láti ìdájí ló ti ń fi mí ṣẹ̀sín.

"Ọtọmátíìkì dà? Ṣé kò bi ẹ́ kó tó kú ni? Ìpàdé yẹn náà ni ẹ ò ṣe o!"

Ó pe ìyàwó mi jáde kó wá gbọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Eyín nìkan ni èmi fi rín tèmi. Inú ń bí mi, kí n má purọ́.

Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, Ọláoyè yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ náà kò dáhùn. Ó ṣe "kẹ́", ó sì dákẹ́. Orí bátìrì rẹ̀ ti hu nǹkan funfun. Ọláoyè gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná jáde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró sí àárín ọkọ̀ àti ògiri, ó ń bu omi sí i, ó ń fi aṣọ nù ún. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé awakọ̀ nínú agbádá mi. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Mo wo aago ọwọ́ mi. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, Ọláoyè tún ń sọ pé ó kéré tán, Àbẹ̀kẹ́ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é, kò dà bíi ti àwọn kan. Mo na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, mo di kọ́kọ́rọ́ tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ mú. Ó gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe dún.

"Dúró ná," ó ní.

Mo gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, nítorí n kò tíì sọ ọ́ níbòmíràn: mo gbọ́ ọ ketekete. Mo yí i.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń wa ọtọmátíìkì. Ní ti ọkọ̀ mi, bí èèyàn bá dúró nílẹ̀ tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ á ké, ọkọ̀ á wà níbi tó wà. Mo ti gbàgbé pé ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé, tó bá wà nínú jíà, kọ́kọ́rọ́ nìkan ti tó láti gbé e nídìí. Àbẹ̀kẹ́ fò síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ, ó sì kú. Ìṣísẹ̀ kan náà ló sì wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Orúnkún òsì Ọláoyè ló há síbẹ̀.

Kò kígbe. Orúkọ mi ló pè. Mo wọlé sínú ọkọ̀, agbádá mi há mọ́ ilẹ̀kùn, mo di ọ̀pá jíà mú, n kò sì mọ bí n ṣe máa yọ ọ́. Òun tó há mọ́ ògiri ló ń kọ́ mi. "Kílọ́ọ̀ṣì, Adé. Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́. Ó yá, fà á sí àárín." Mo tẹ̀ ẹ́, mo fà á, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi èjìká ti ọkọ̀ náà sẹ́yìn títí ó fi wọ́ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Mojísọ́lá ti sáré jáde, gèlè lọ́wọ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin èèyàn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ọláoyè tó wà nílẹ̀ ló dáhùn ṣáájú mi.

"Jíà ló yọ," ó ní. "Ọkọ̀ ló yọ́ wá."

Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú jíà lójú rẹ̀ rí. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ purọ́ mọ́ jíà náà, kí ó lè bò mí. Mojísọ́lá sì gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Eegun náà so, ṣùgbọ́n orúnkún kò ká mọ́. Dókítà ní á fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n kó gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì láyé. Ní ọjọ́ kan tó ku àwa méjì, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo ní màá sọ òótọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ilé kan là ń gbé," ó ní. "Tó bá mọ̀, nínú àwa àti ẹ̀yin, ta ló máa kó jáde? Jókòó jàre."

Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. N kò sì tó ẹni tó lè bi í.

Ìgbà tó padà wálé ni mo rí ìyà. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń mi orí pé, "Jíà yẹn náà ló padà pa á lẹ́sẹ̀." Wọ́n á yíjú sí mi: "Ṣebí ẹ ti ń sọ fún un?" Mo ti borí nínú àríyànjiyàn ọdún mẹ́ta, mo sì ń wá ibi tí màá fi ojú mi sí. Múdàṣírù wá, ó ní òun lè tú jíà náà dà nù, òun á sì fi ti ọtọmátíìkì sí i, kí Ọláoyè lè máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan wà á. Ọláoyè ní, "Ẹ kúkú bá mi gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà mọ́ ọn." Mojísọ́lá ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, kí òun fi owó rẹ̀ wá ilẹ̀ mìíràn. Ó ní ọkọ̀ náà gba ilẹ̀ òun, ó gba ẹsẹ̀ ọkọ òun, kí ló tún kù tó fẹ́ gbà? Ọláoyè mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, á rọra gbé ara rẹ̀ sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ náà ti lè nà tán. Láti fèrèsé mi, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń fi ọwọ́ òsì yí jíà ọkọ̀ tí a kò ṣáná sí: kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta. N kì í lè jẹun tí mo bá ń gbọ́ ọ. Ìyàwó mi rò pé ibà ló ń ṣe mí.

Ní oṣù kẹta ọdún 1994, ní òwúrọ̀ Sátidé, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn mi. Ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Ẹsẹ̀ òsì ni mo wá yá," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi di ìdarí ọkọ̀ mú, ẹsẹ̀ mi ń ṣe ti ẹsẹ̀. Òun jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń yí jíà. Á tẹ́tí sílẹ̀, á ní, "Tẹ̀ ẹ́," màá tẹ̀ ẹ́, á yí i, á ní, "Tú u." Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní oríta Command ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, àwọn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ akérò bú bàbá tó bí wa lọ́mọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Mo wá mọ ohun tó ń gbọ́. Mo wá mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ ní gbogbo ọdún yẹn, pé ó dùn. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì fi mí ṣẹ̀sín mọ́. Tí mo bá ṣì í tẹ̀, tí jíà bá lọ̀ gààrààrà, á kàn di ojú rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, n kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ló ń fún mi ní Sátidé tàbí ìyà ló ń fi jẹ mí. Mò ń bẹ̀rù rẹ̀, mo sì ń dúró dè é.

Ní Sátidé kan tí a fẹ́ jáde, Mojísọ́lá gbé àkàrà tí ó fi bébà wé wá sí ojú fèrèsé mi. Imú Àbẹ̀kẹ́ wà níbi tó máa ń wà, ó dojú kọ ògiri.

"Bàbá Fúnmiláyọ̀, ẹ gbà, ẹ jẹ ẹ́ lọ́nà," ó ní. "Ẹ ṣé o. Ẹlòmíì ò ní ráyè ọ̀rẹ́ tó ti yarọ. Ọlọ́run á dá ẹsẹ̀ tiyín náà sí." Omi lé sí ojú rẹ̀. "Ẹ ṣáà bá mi ṣọ́ ọ, kí jíà burúkú yìí má tún yọ mọ́ yín lọ́wọ́."

Àkàrà náà gbóná ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ronú pé tí n kò bá sọ ọ́ nísinsìnyí, n kò ní sọ ọ́ mọ́ láé.

"Ìyá Túnbọ̀sún," mo ní, "kì í ṣe jíà ló..."

Ọwọ́ òsì Ọláoyè ti bo orí ọ̀pá jíà. Kò wo èmi, kò wo ìyàwó rẹ̀. Ògiri iwájú wa ló ń wò.

"Tẹ̀ ẹ́," ó ní.

Mo tẹ̀ ẹ́.