Irà tí Irja Fi Gba Ife Kọfí

Ní abúlé wa ní àríwá Finland, ènìyàn lè ròyìn jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ fún ọ láti orí dé ìdí, ṣùgbọ́n kò ní fi ibi tó ti ń ká èso hilla hàn ọ́ láéláé. Inú irà ni èso yìí ń hù, ó ń tàn bí wúrà. Ọkọ Irja, ìyá àgbà kan láàárín wa, bẹ̀ ẹ́ títí kó mú òun dé ibi tirẹ̀. Ó kú, kò débẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá ní kí fóònù wa máa bá àwọn gbọ́ ohùn ẹyẹ nínú igbó; ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́, wọ́n á fi ìràwọ̀ kan san án lórí fóònù. Ẹni tó bá fi ibi tó wà pamọ́, ìràwọ̀ kékeré ni tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí gbogbo ayé rí i lórí máàpù, ìràwọ̀ ńlá. Ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri ilé ìtajà, wọ́n á sì fún un ní ife kọfí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Vieno, aládùúgbò Irja, ló gbà á. Ó wá ń gbé ife kiri bí ọba tó gbé ọ̀pá àṣẹ. Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì! Kọfí korò lẹ́nu Irja.

"Vieno tí ò mọ ẹyẹ kankan yàtọ̀ sí adìẹ!" ló ń wí fún Pentti onílé ìtajà.

"Màmá, ẹ ṣí tiyín náà sílẹ̀ káyé rí i," ni Pentti fèsì. "Àbí kí lẹ ń fi pamọ́, ọkọ tuntun?"

Ìlara ò jẹ́ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ ibi ìràwọ̀ ńlá lórí fóònù, ó gbé garawa, ó gba irà tó ti ń ká hilla lọ. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ ké bí ẹni tí wọ́n háyà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ojú Irja ti lé ti Vieno kúrò lára ògiri.

Nígbà tó padà síbẹ̀, gbogbo abúlé ló bá nínú irà. Àwọn òkú nìkan ni ò wá. Vieno ló ṣáájú, bàtà òjò dé orúnkún.

"Irja, o kú oríire ife o! A rí ẹ lórí máàpù rekete, la bá ní ká wá bá ẹ yọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo ti kó ìràwọ̀ tìẹ?"

"Ẹ̀yìn ilé ìtajà, níbi tí ẹyẹ ti ń jẹ pàǹtí. Ta ló ń gbé fóònù lọ síbi èso, ọ̀rẹ́ mi?"

Irja wo garawa Vieno: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká èso bí ẹni tí iná ń lé.