Epo Tí Mo Fi Pa Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́

Orin ló jí ọ̀rọ̀ yìí nínú mi. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan máa ń gba iwájú ilé wa kọjá ní Pọbẹ̀ níbí láràárọ̀, gbohùngbohùn méjì ń pariwo lórí rẹ̀, wọ́n sì ya adìyẹ kan tó ń rẹ́rìn-ín sí i lára. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákun, adìyẹ wo ló ń rẹ́rìn-ín nígbà tó mọ̀ pé inú epo gbígbóná lòun ń lọ? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ò bèèrè ìyẹn. Adìyẹ díndín, ọ̀dùnkún díndín àti ohun mímu pupa ni wọ́n ń tà, ọmọ tí wọ́n bá rà á fún yóò sì gba ohun ìṣeré oníke kan lé e. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni kẹ̀kẹ́ náà máa ń dúró sí jù.

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ń fọwọ́ jẹ ẹ̀wà àti gàrí níwájú mi. Bí orin yẹn ṣe dún báyìí, ó ti àwo sẹ́yìn. Ó ní, “Màmá àgbà, mi ò jẹ ẹ̀wà mọ́ o. Adìyẹ tó ń rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́.” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú mi bọ́ sí ìka rẹ̀ tí epo pupa ń dán lára wọn, ẹ̀rín sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọkàn mi ti sá lọ sí Ṣakẹ́tẹ́, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan tí mo ṣẹ̀, tí n kò sì jẹ́wọ́ fún un títí irun mi fi funfun.

Ilé-ìwé wa ní Ṣakẹ́tẹ́ wà láàárín igi máńgòrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa débi pé kakí tí a bá wọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó bá fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ló ti di. Irin táyà mọ́tò ni wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi tí wọ́n ń lù bí agogo. Tó bá ti dún fún ìsinmi, a ó ya lọ bí omi sábẹ́ igi níbi tí àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ jókòó sí. Bọndáàmù là ń pè wọ́n. Ìyá mi wà láàárín wọn. Ẹ̀wà ló ń tà, pẹ̀lú gàrí, agbè epo sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ẹlẹ́kọ wà, alákàrà wà, oní-dùńdú wà. Ní ìparí ìlà náà gan-an ni Ìyá Alágbọn máa ń tẹ́ àtẹ tirẹ̀ sí, àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà dín tó ń ta sánsán dé kíláàsì.

Ìyá Alágbọn kì í tà fún ọmọ tí kò tíì jẹun o. Àwọn ìyá wa ló fẹnu kò bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ò kọ ọ́ sínú ìwé. Púpọ̀ nínú wọn ti máa ń wà lóko tàbí nídìí ọ̀pẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn ò sì mọ ohun tí ọmọ ń fi owó oúnjẹ ṣe. Nítorí náà, bí o bá dé iwájú Ìyá Alágbọn, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ ni, “Mú ọwọ́ wá.” Yóò di ọwọ́ ọ̀tún rẹ mú, yóò gbé e símú, yóò gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja lọ́jà. Bí kò bá gbọ́ òórùn ẹ̀wà tàbí epo tàbí ọbẹ̀, “Ọwọ́ yìí ò tíì rí nǹkan kan. Padà!” Ọmọ dirẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa, gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń ta ohun dídùn yìí kan náà ló tún máa ń wí fún wa pé, “Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pani.” A ó máa fi rẹ́rìn-ín, a ó sì máa lá ìka.

Àbẹ̀kẹ́ lọ̀rẹ́ mi. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí ọ̀pẹ, òun nìkan ló ń tọ́ ọ. Ọdún kan péré ló kù kí a ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde nílé-ìwé kékeré, gbogbo ilé ló sì ń sọ pé Àbẹ̀kẹ́ ni yóò di nọ́ọ̀sì.

Ọdún yẹn ni mọ́tò bisikíìtì dé. Mọ́tò búlúù ni, òun náà ní gbohùngbohùn, òun náà ní orin. Nínú páálí bisikíìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àwòrán ẹranko kan sí i, ẹni tó bá kó gbogbo ẹranko mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé yóò gba kẹ̀kẹ́ ológeere. Háà! Kẹ̀kẹ́! Wọ́n gbé e sórí mọ́tò náà kí ojú wa lè rí i, ó ń dán yanranyanran. Àwọn ìyá lọ bá awakọ̀ náà, wọ́n sọ àṣà wa fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà, kí Ìyá Alágbọn wá dúró ti mọ́tò òun kó máa gbóòórùn ọwọ́ wa. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó ní ìyá òun yóò máa gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́, kò ní í fẹsẹ̀ rìn mọ́. Ṣùgbọ́n owó tí ìyá rẹ̀ ń fún un kò ju èyí tó lè ra ẹ̀wà lọ. Bó bá ra bisikíìtì, kò lè ra ẹ̀wà. Bí kò bá sì ra ẹ̀wà, Ìyá Alágbọn ò ní í jẹ́ kó ra bisikíìtì.

Èmi ni mo rí ọ̀nà rẹ̀. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo máa ń yọ́ bu epo díẹ̀ nínú agbè ìyá mi sínú èèpo àgbọn, a ó lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́, èmi ni n ó fi pa ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ láti ìka dé àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Alágbọn yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò ní, “Káre, ọmọ mi. Lọ rà á.” Àwòrán nìkan ni Àbẹ̀kẹ́ fẹ́. Bisikíìtì inú rẹ̀, èmi ló ń fún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi ti jẹ ẹ̀wà yó lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo máa ń wí fún un pé kó jẹ díẹ̀, yóò ní rárá, owó iṣẹ́ mi nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo dákẹ́ wíwí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bisikíìtì yẹn dùn.

Ìyá mi rò pé ọ̀dọ̀ oní-dùńdú ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń jẹun. Oní-dùńdú rò pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ni. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ń rù, a ní ó ń ga ni. Ó ti kó ẹranko mẹ́sàn-án jọ. Erin ló kù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a tò sórí ìlà nínú oòrùn, Àbẹ̀kẹ́ sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Wọ́n gbé e lọ sábẹ́ igi, ìyá mi fi ṣíbí fún un ní ògì mu. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, àwòrán mẹ́sàn-án tó fi òwú so pọ̀ já bọ́. Ìyá Alágbọn gbé ọwọ́ ọmọ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, “Epo lásán ni. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀.” N kò rí i kó sunkún rí kí ọjọ́ náà tó dé. Wọ́n bi Àbẹ̀kẹ́ pé ta ló pa epo náà sí i lọ́wọ́. Ó wo ojú mi, ó sì gbójú kúrò. “Èmi ni,” ló sọ. Bisikíìtì ṣì wà nínú àpò mi. N kò lanu.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ó sáré dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyá kojú awakọ̀, wọ́n ní kó má tún wá mọ́. Ọkùnrin náà ò bínú rárá. Ó kàn ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé mo fi tipá fi í sí ọmọ náà lẹ́nu ni? Ẹni tó bímọ ni kó kọ́ ọmọ rẹ̀.” Ẹnìkan láàárín èrò tún wá gbè é lẹ́sẹ̀, ó ní ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo rí ojú Ìyá Àbẹ̀kẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bà á. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fà á lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta, ó mú un lọ sí Ìgánà, sọ́dọ̀ ìyá tó bí òun gan-an, ó ní ẹ̀tàn ni wọ́n kọ́ ọmọ òun nílé-ìwé. Àbẹ̀kẹ́ ò padà wá mọ́. Mọ́tò búlúù ń wá ní tirẹ̀ títí òjò fi ba ọ̀nà jẹ́, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rí erin.

Mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Àjàṣẹ́, ibẹ̀ ni mo lọ́kọ sí. Ní èṣí ni Bọ́sẹ̀, ọmọ mi tó bí Ìbídùn, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Pọbẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, ilé-ìwé Ìbídùn pe àwọn òbí sí ìpàdé nítorí kẹ̀kẹ́ aládìyẹ. Àwọn kan ní kí ìlú ṣòfin pé kò gbọdọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́, kò sì gbọdọ̀ kọrin pe ọmọdé. Bàbá kan fò dìde, ó ní, “Ìjọba kọ́ ló bá mi bímọ! Ohun tí ọmọ mi yóò jẹ, èmi ni n ó yàn án.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bọ́sẹ̀ tèmi pàápàá pàtẹ́wọ́. N kò bá a wí, ọmọ gidi ni, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Mo fẹ́ dìde sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀. Ẹnu mi wúwo, gẹ́gẹ́ bó ṣe wúwo lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ yẹn. Ìpàdé tú láìfẹnukò, wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ojú tì mí. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo gun sẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, mo ní kó gbé mi lọ sí Ìgánà.

Ìgánà ò jìnnà. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Kí n tó ṣàlàyé ara mi tán fún ọlọ́kadà pé àgbàlagbà ni mí, kó rọra, a ti dé. Mo bèèrè Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, mo sì bá a nídìí ìkòkò epo, ó sanra, ó rẹwà, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ. Ó wò mí títí. “Ìwọ nìyí?” ló ní. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fà mí mọ́ra tòun ti epo lára. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo jẹ́wọ́. Mo ní èmi ni mo jẹ bisikíìtì, èmi ni mo dákẹ́, kó dárí jì mí.

Ó ní, “Ọmọdé ni wá. Ká ní ìwọ ni wọ́n mú, èmi náà ì bá dákẹ́.” Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àbẹ̀kẹ́ ò ní í dákẹ́.

Mo sọ̀rọ̀ ìpàdé náà fún un, títí dórí bàbá tó ní òun ni yóò yan ohun tí ọmọ òun yóò jẹ. Ó ń ro epo rẹ̀ bó ṣe ń dá mi lóhùn. Ó ní, “Bá mi sọ fún bàbá yẹn pé ìyá mi yàn. Àràárọ̀ ló ń yàn. Ẹ̀wà ló yàn fún mi. Ó kú pẹ̀lú èrò pé òun ò mọ ọmọ tọ́.”

Mo jókòó tì í títí ó fi ṣe epo náà tán. Ohun púpọ̀ ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Mọ́tò ti di kẹ̀kẹ́, bisikíìtì ti di adìyẹ, bọndáàmù tó lè di ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn mú láìdi ìjà ò sì wọ́pọ̀ mọ́. Etí ọmọdé ò yí padà, ọkàn ìyá náà ò yí padà. Lọ́jọ́ ìpàdé, n ó dìde, n ó sọ ohun tí mo ṣe, n ó sì jíṣẹ́ tí Àbẹ̀kẹ́ rán mi.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó mú fóònù jáde ní ìbàdí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kútọnù ló kọ̀wé ránṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ ilé ò sì tíì ráyè kà á fún un. Ó nà án sí mi, ó ní, “Bá mi kà á. Láti ọjọ́ Ṣakẹ́tẹ́ ni mi ò ti di ìwé mú mọ́.”

Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà, kí n má sáré. Mo tún un kà.