Ògbufọ̀ Ìpolówó Faransé

Òórùn eruku gbígbóná tó máa ń jáde lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n Bàbá Mulika, aládùúgbò wa, ò tíì kúrò nímú mi dòní. Ní Ìdìròkò wa, létí bọ́dà, tẹ́ ẹ bá yí ọ̀pá èríà tẹlifíṣọ̀n díẹ̀, Kútọnu lẹ máa rí, tòun ti ìpolówó ọjà àwọn òyìnbó Faransé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà níbẹ̀, ẹ ò ní gbàgbé: ìpolówó yẹn dùn ju eré gan-an lọ! Ẹṣin á máa sáré létí òkun, obìnrin á máa jó, gbogbo ẹ̀ á sì wá já sí ọṣẹ.

Ojú fèrèsé làwọn ọmọdé yòókù máa ń dúró sí. Èmi nìkan ló ń jókòó sórí ẹní níwájú, torí èmi ni ògbufọ̀. Mi ò gbọ́ Faransé o! Ìwé mẹ́rin péré ni mo wà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n tí Bàbá Mulika bá ti ní, "Àjàní, kí ló wí?" wàrà ni mo máa ń túmọ̀ ẹ̀. Màmá mi máa ń sọ pé, "Ẹnu ọmọ yìí ló máa bọ́ ọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, Àǹtí Ráfátù, àbúrò Bàbá Mulika tó ń ṣe tíṣà ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bọ́dà níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, wá kí wọn. Obìnrin kan yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ife kọfí dání, ó ń wo ọkùnrin kan tó fẹ́ wọ rélùwéè.

"Àjàní, kí ló wí?"

Àwọn tó wà lójú fèrèsé ti ń yọ̀: "Ó parí fún un lónìí! Èmi ni mo ni ẹní ẹ̀!"

Mo wúkọ́. Mo ní, "Ó ní, 'Bàbá Kẹ́hìndé, tó o bá wọ ọkọ̀ yẹn, ẹlòmíì ló máa mu kọfí ẹ.'"

Àǹtí Ráfátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá Mulika ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ kọfí nìkan ló ń pè. Ṣùgbọ́n ẹ má lé e dìde o, tiẹ̀ dùn ju tòyìnbó lọ."

Bí mo ṣe jókòó pa sórí ẹní mi nìyẹn.

Lónìí, ní Laurel lókè òkun níbí, ọkọ̀ tí mò ń wà gùn ju ilé Bàbá Mulika lọ. Gbogbo ohun tí ìpolówó wọn ń wí ni mo gbọ́: oògùn, ìnṣọ́ránsì, mọ́tò. Kò dùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Títí ọmọ mi, tó ń kọ́ Faransé ní high school, bá mi wá ìpolówó kọfí yẹn rí lórí fóònù. Kó tó lanu, mo ti túmọ̀ ẹ̀, mo sì sọ ìtàn ẹ̀ fún un.

"Daddy, that's not what she said!" Ó rẹ́rìn-ín bíi ti Àǹtí Ráfátù gẹ́lẹ́.

Ọmọ Ìdìròkò yẹn ò gbọ́ nǹkan kan, gbogbo ilé ló ń tẹ́tí sí i. Èmi tí mo wá gbọ́ tán, inú ọkọ̀ ni mo ti ń dá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Títí ti sún mọ́ mi lórí àga, ó ti wá ìpolówó mìíràn.

"Daddy, kí ló wí?"