Lọ́yà Kà-á-sókè

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jẹ́ akọ̀wé fún ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Lọ́yà Kà-á-sókè. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì wa, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Kò sí ìwé tí yóò buwọ́ lù, kò sì sí èyí tí oníbàárà yóò tẹ̀ka sí, àfi tí mo bá dìde kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, á ní, "Àǹtí, ẹ padà sẹ́yìn." Inú a máa bí mi. Ta ni ebi ń pa tó fẹ́ ka ojú ewé méjìlá lẹ́ẹ̀mejì?

Ṣùgbọ́n ó nídìí. Káfíńtà tí kò mọ̀wé ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà gbé ìwé kan wá, ó ní ìwé ìkànìyàn ni, bàbá tẹ̀ka sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe di ti ẹ̀gbọ́n. Kò sí oníbàárà tí Lọ́yà kò sọ ìtàn yìí fún.

Ọ̀kan nínú wọn ni Màmá Aránṣọ. Opó ni, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n mú ìwé wá pé olóògbé ti buwọ́ lù ú fún àwọn. Mo ń kà á lọ ní tèmi, Lọ́yà ta gìrì: "Ẹ padà sẹ́yìn!" Ọjọ́ tó wà nínú ìwé náà, ọkọ màmá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú sàréè. Òkú kì í kúkú buwọ́ lùwé. A jàre ẹjọ́ náà.

Òkìkí ẹjọ́ yẹn ló gbé Lọ́yà débi ìṣèlú. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọ́n fi í ṣe mínísítà iṣẹ́ òde. Mo tẹ̀ lé e lọ. Fèrèsé ọ́fíìsì tuntun kì í ṣí, fáìlì sì ń wọlé láìdáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kẹta, mo dìde, mo la fáìlì kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó wo aago rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà fi ibi tí màá buwọ́ lù hàn mí."

Mo fi hàn án. Kí n má purọ́, inú mi dùn pé ọ̀fun mi rí ìsinmi. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tẹlòmíì ló bá mi dákẹ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Màmá Aránṣọ wọlé tọ̀ wá wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbé orí máṣíìnì rẹ̀ mọ́ àyà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ṣọ́ọ̀bù náà tán ni. Ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ fẹ̀. Ó na ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sí mínísítà.

"Ọmọ mi, bá mi kà á, kí n lè mọ ẹni tí mo máa pè lẹ́jọ́."

Lọ́yà dìde, bí èmi ti máa ń ṣe, ó ń kà á sókè. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀ ṣáájú ẹnu rẹ̀. Ó lè dá kíkà náà dúró síbẹ̀. Màmá kò mọ̀wé, èmi náà kò sì ní sọ. Ṣùgbọ́n ó ka orúkọ ara rẹ̀, ó ka oyè rẹ̀, ó ka ọjọ́ tó buwọ́ lù ú.

Màmá ní, "Ìwọ?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o kà á kó o tó buwọ́ lù ú?"

"Mi ò kà á, mà."

Ó tún aṣọ tó fi bo máṣíìnì rẹ̀ wé dáadáa. Kò pariwo. "Bàbá tìẹ ò mọ̀wé," ló wí. "Ìwọ ńkọ́?"

Ó jáde lọ. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kò sí àṣẹ mínísítà tó lè gbé ògiri tó ti wó dìde. Lọ́yà jókòó, kò gba àlejò kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé bébà kan lé mi lọ́wọ́. Ìwé tó fi ń fipò sílẹ̀ ni.

"Àǹtí, ẹ kà á sókè."

Ìlà mẹ́ta péré ni. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ rẹ̀, mi ò lè kà á, mo fò ó.

"Ẹ padà sẹ́yìn," ló wí.

Mo tún un kà, mo ka orúkọ náà. Lẹ́yìn náà ló tó buwọ́ lù ú.